Ẹ̀rọ Onílù Kì í Dá Lù: Ìtàn TR-808 àti TB-303 Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ó Lò Wọ́n

Ó ti pẹ́ tí a ti ń kà á nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ẹ̀rọ onílù ni ẹ̀rọ tí ń dá lùlù láìsí onílù. Àwa olùkọ́ náà a sì máa fún wọn ní máàkì lé e lórí. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àpèjúwe náà kò tọ̀nà, àti pé ìtàn ẹ̀rọ náà gan-an ni ó ta kò ó. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ onílù ni a ó gbé yẹ̀ wò. Méjì tí ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Jàpáànì ṣe ni a ó tẹjú mọ́, èyíinì ni TR-808 ti ọdún 1980 àti TB-303 ti ọdún 1981, nítorí pé ìran wọn ni àpótí orin tí a ń pè ní groovebox lónìí. Àpótí kan ṣoṣo ni groovebox, ìlù, béèsì àti orin sì wà nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni kan lè gbé e ka orí tábìlì kí ó fi ọwọ́ ṣe odindi orin láìlo kọ̀ǹpútà.

Ikutaro Kakehashi, tí ó gbé ayé láti 1930 sí 2017, ni ó dá Roland sílẹ̀ ní Osaka ní 1972. Ṣáájú èyí ni ó ti dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní 1960, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ onílù tí ń jẹ́ Rhythm Ace ní 1967. Irú ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ni àpèjúwe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá mu díẹ̀. Ìlù rúḿbà àti wọ́ọ̀sì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá. Ẹni tí ó ń tẹ dùùrù kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni, ìlù a sì máa lọ. Ó lè da oríṣi ìlù méjì pọ̀, ó sì lè pa ìró kan lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ìlù tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Roland mú CR-78 jáde ní 1978 ni olùlò tó rí àyè tọ́jú ìlù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

TR-808 ni ó wá la ọ̀nà náà gbòòrò. Bọ́tìnnì 16 ni ó tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pupa mẹ́rin, àwọ̀ ọsàn mẹ́rin, yẹ́lò mẹ́rin, funfun mẹ́rin. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdá kan nínú ìdá 16 tí a pín ìwọ̀n ìlù kan sí. Olùlò a yan ohùn kan, ì báà ṣe ìlù ńlá, àtẹ́wọ́ tàbí agogo. A sì tẹ bọ́tìnnì ibi tí ó fẹ́ kí ó ti ró. Iná kékeré a máa sáré láti òsì sí ọ̀tún, ìró a sì máa dún níbikíbi tí iná náà bá ti kan èyí tí a tẹ̀. Bí a kò bá tẹ nǹkan kan, iná yóò máa sáré lọ, sáré bọ̀, ẹ̀rọ náà kò sì ní í fọhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi kónkóló dán an wò. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí a ń gbà lù ú ní ìró 7 láàárín ìwọ̀n 12. A ó kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó dúró ní 12, kí ó má dé 16. A ó yan agogo, a ó sì tẹ bọ́tìnnì 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Kónkóló dé nìyẹn, èyí tí a tún ń gbọ́ ní Cuba níbi bembé àwọn olórìṣà. Àwọn ará Osaka kò fi í sínú ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó gbọ́ ọ rí ni ó fi í síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí yóò dùn mọ́ olùkọ́ Yorùbá nínú. Ìlù olóhùn mẹ́ta wà nínú 808, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, olùlò sì lè yí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀. Dò, re, mí nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi wọ́n ya igba, igbá àti ìgbà sọ́tọ̀ kedere. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ a máa yọ́ gòkè ni. Onígángan yóò fún okùn ìlù rẹ̀ mọ́ abíyá, ohùn yóò sì yọ́. 808 kò lè ṣe é, fífò ni ó ń fò láti ohùn kan sí èkejì.

Bí 808 ti wúlò tó yìí, ọjà kò yá a. Dọ́là 1,195 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ní 1980 kan náà ni Roger Linn gbé LM-1 tirẹ̀ jáde. Owó ti Linn sún mọ́ dọ́là 5,000, ṣùgbọ́n ìró ìlù gidi tí a gbà sílẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Iná mànàmáná ni 808 fi ń ṣẹ̀dá ìró tirẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin sì sọ pé kò jọ ìlù. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Kò jọ ọ́. Kakehashi fúnra rẹ̀ ṣàlàyé nígbẹ̀yìn pé transistor aláìpé ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ rà láti fi ṣe é, nítorí ìró tí ó ń mú wá. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe transistor dára sí i tí aláìpé kò wọ́pọ̀ mọ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè máa ṣe é lọ. Nǹkan bí 12,000 ni wọ́n ṣe kí ó tó dópin ní 1983.

Ti TB-303 tún burú ju èyí lọ. Tadao Kikumoto ni ó ṣe é, kí ẹni tí ó ń ta gìtá nìkan lè rí ohun tí yóò máa bá a ta béèsì. Kò jọ gìtá béèsì rárá. Láti kọ orin sínú rẹ̀, olùlò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ to àwọn ohùn tẹ̀léra, kí ó tó wá padà to àkókò wọn lọ́tọ̀, bí ìgbà tí a bá ní kí ènìyàn kọ gbogbo fáwẹ̀lì gbólóhùn kan ná kí ó tó kọ kọ́ńsónáǹtì rẹ̀. Ní 1984, Roland dáwọ́ rẹ̀ dúró. Síbẹ̀ ó ní ohun tí 808 kò ní: ó lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí èkejì, ó sì ní bí a ti ń tẹnu mọ́ ìró kan ju òmíràn lọ. Charanjit Singh rí èyí kíá ní Bombay, nítorí pé orin raga ilẹ̀ Íńdíà kún fún ohùn yíyọ́. Ní 1982, ó fi 303, 808 àti synthesizer Jupiter-8 ṣe àwo orin raga mẹ́wàá. Àwo náà kò tà, a kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ púpọ̀ títí wọ́n fi tún un tẹ̀ jáde ní 2010.

Ibi tí ọjà tí kò tà ń lọ ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì lọ, ìyẹn ìsọ̀ àlòkù àti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gba nǹkan dógò. Lóòótọ́, àwọn gbajúmọ̀ ti lo 808. Afrika Bambaataa lò ó ní New York, Marvin Gaye sì lò ó nínú Sexual Healing, ní 1982 méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀dúdú ti Chicago àti Detroit, tí kò lówó ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́, ni wọ́n sọ wọ́n di ohun èlò gidi. Ẹgbẹ́ Phuture, ti DJ Pierre, Spanky àti Herb J, ní 303 kan ní Chicago. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ta béèsì lọ, wọ́n ń yí àwọn kókó orí rẹ̀ bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, ìró náà sì ń ké, ó ń dún bí ohun tí ń hó. Nígbà tí Ron Hardy kọ́kọ́ lù ú ní ilé ijó rẹ̀, a gbọ́ pé àwọn oníjó sá kúrò lójú agbo, pé ìgbà kẹrin tí ó lù ú lóru ọjọ́ kan náà ni wọ́n tó gbà fún un. Ní 1987 ni ó jáde lórí àwo pẹ̀lú orúkọ Acid Tracks. Láti ìgbà náà ni owó 303 ti gbẹ́nu sókè, tí ẹ̀rọ tí a ń jù sọ́wọ́ aláàjò fi di ohun tí olówó ń wá kiri.

Ní 1982, ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin ní London dìbò pé kí a fòfin de synthesizer àti ẹ̀rọ onílù, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. A kò dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan lóòótọ́. Ohun tí wọn kò rí ni pé àwọn tí kò ní ìlù, tí kò sì ní ẹgbẹ́, ti di onílù nípasẹ̀ àlòkù. Ní Èkó lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń ṣe orin nínú yàrá ni ó ń pe béèsì jíjinlẹ̀ ní 808 láìfojú kan ẹ̀rọ náà rí.

Ní 1996, Roland mú MC-303 jáde, òun sì ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ pè ní groovebox. Ìró 808, ti 909 àti ti 303 wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlù tí a ti ṣe sílẹ̀ tún wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú Rhythm Ace ọjọ́sí, tí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lè tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo kí orin máa lọ, kí ó sì jókòó. Lórí irú èyí ni a lè gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìdajì máàkì.