Adití

A-di-etí ni ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí etí rẹ̀ di, tí ohùn kò rí ọ̀nà wọlé sí i, irú àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn dá iléèwé Wesley tó wà ní Súrùlérè sílẹ̀. "Adití ni bàbá náà, ẹ fọwọ́ júwe fún un."

Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ní Múṣin, gbogbo ọmọ tí a pè tí kò jẹ́ ni adití, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan náà tí a ké oríkì rẹ̀, "Àjàní ọkọ mi," tí kò wẹ̀yìn, yóò sáré jáde láti yàrá bí ẹnì kan bá ń tú ọ̀rá bisikíìtì ní kíṣìnnì. Etí tirẹ̀ kò di. Bí ó bá pé ọdún kan tí kì í dáhùn sí orúkọ, tí ó di ọmọ oṣù 18 tí kò nàka sí ohun tó wù ú, tí kì í wojú ẹni, tí ó sì jẹ́ táyà ọkọ̀ ìṣeré ni ó ń yí ṣáá, ó lè jẹ́ ọ́tíísìmù, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí ọpọlọ ọmọ ń gbà dàgbà, tí kì í ṣe àfiṣe ayé rárá.

Odi tún yàtọ̀: ẹni tí kò lè fọhùn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni alágídí yàtọ̀: òun gbọ́, ó kọ̀ ni.

Kíkán òróró sí etí tí kò di, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n yẹ etí náà wò ná, kí wọ́n tó wo ìyókù.