Abẹ́rẹ́ Inú Dáṣíbọ́ọ̀dù àti Bátìrì Tó Ń Darí Rẹ̀

"Ọ̀gá rẹ́wáyà, ẹ bá mi pààrọ̀ géèjì yìí, irọ́ ló ń pa. Láti ọjọ́ tí bátìrì ti kú ló ti ń ṣe báyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀lé ọ̀gá mi ní Gate, n'Íbàdàn, ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹjọ́ oníbàárà kò yí padà. Ohun tó wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ń yí padà, gbogbo ìgbà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bá sì wá ọ̀nà láti mú kí ara abẹ́rẹ́ balẹ̀ sí i, ńṣe ni wọ́n ń so ó mọ́ bátìrì pinpin sí i. Ìtàn iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ẹ wo Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Àwọn àkọ́kọ́ kò ní géèjì epo rárá. Táàpù kan ló wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, dírẹ́bà á yí táàpù náà, díẹ̀ tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ táńkì á sì ṣàn wá. Nígbà tí wọ́n wá fi géèjì sí i ní 1962, kò bá iná ṣe pọ̀. Fulóòtù inú táńkì ló ń fa okùn irin kan, okùn náà ló ń yí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ eré ọkọ̀ náà, okùn irin láti táyà iwájú lápá òsì ló ń darí rẹ̀. Bátìrì lè kú fin-ín fin-ín, kí àwọn èèyàn máa ti ọkọ̀ lọ lójú títì, àwọn méjèèjì kò ní í yẹhùn.

Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn tó ń lo iná láyé ìgbà náà, irin méjì tí wọ́n wé wáyà mọ́ ló wà nínú géèjì, tí wọ́n ń fa abẹ́rẹ́ láàárín ara wọn. Bí agbára bátìrì bá lọ sílẹ̀, ti àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ sílẹ̀, nítorí náà abẹ́rẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè dúró jẹ́ẹ́. Bí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò, tí epo ru nínú táńkì, abẹ́rẹ́ á máa fò síwá sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn géèjì yẹn gan-an. Ó ń jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tan èèyàn.

Ìjó yẹn ni Smiths, ilé iṣẹ́ tó ti ìdí aago ṣíṣe bẹ̀rẹ̀ ní London, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ dá dúró ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n mú irin pẹlẹbẹ méjì tí kì í gùn bákan náà bí iná bá mú wọn, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n wé wáyà tín-ín-rín mọ́ wọn. Bí wáyà bá gbóná, irin á tẹ̀, abẹ́rẹ́ á rọra gòkè. Kò sí ìjó mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbóná yẹn, ọwọ́ bátìrì ló wà, agbára bátìrì kì í sì í dúró sójú kan. Wọ́n wá fi àpótí kékeré kan sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń tan iná tó ń pa á lemọ́lemọ́, kí ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ géèjì lè dà bíi fólìtì 10 nígbà gbogbo. Ìjàpá náà gba géèjì oníná àti àpótí irú rẹ̀ ní 1968. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ l'Ékòó ní 1975, irú rẹ̀ ló kún ìgboro.

Àpótí yẹn ló sọ ọ̀gá mi di olókìkí. Bí géèjì epo nìkan bá ṣì í sọ, táńkì ni yóò lọ. Bí ti epo àti ti ìgbóná bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í wo táńkì, kò sì ní í wo rádíétọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Áàtì àpótí náà, ara irin ọkọ̀ ló ti ń gbà á. Bí ìpẹtà bá mú ibẹ̀, tàbí tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ọ̀dà bò ó, kò ní í lè pa iná mọ́. Gbogbo agbára bátìrì á wá máa rọ́ lu géèjì, abẹ́rẹ́ méjèèjì á sì máa sọ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ohun kan náà ló lè ṣẹlẹ̀ bí dírẹ́bà bá lọ fi bátìrì tírélà, tó jẹ́ fólìtì 24, jí ọkọ̀ kékeré. Ọ̀gá mi á fi iná tẹ́sítà kan ẹnu ibi tí iná ti ń jáde lára àpótí náà, á ní kí n wò ó. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ara àpótí le. Bí ó bá tàn gbalaja láìṣẹ́jú, á há ìpẹtà kúrò, á tún un dè, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Owó tí oníbàárà ì bá fi ra géèjì tuntun á wà lápò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà ìgbà náà ń ta géèjì fún èèyàn láìnídìí, inú mi kò dùn sí i nígbà náà, kò sì tíì dùn sí i títí di òní.

Lẹ́yìn tí owó náírà já wálẹ̀ ní 1986, ọkọ̀ tuntun di ohun tí apá ọ̀pọ̀ èèyàn kò ká. Tòkunbọ̀ ń wọlé láti Kútọnu, àwọn tó dé lẹ́yìn 2000 sì gbé géèjì mìíràn wá. Mọ́tò kékeré ló wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ báyìí, irú X27.168 ti Switec, tí gbogbo yíyí rẹ̀ kò ju ìwọ̀n dígírì 315 lọ. Kò mọ ibi tí òun wà. Bí ẹni tí wọ́n di lójú tó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni, kọ̀ǹpútà ló sì ń bá a ka á. Bí agbára bátìrì bá já lójijì níbi tí wọ́n ti ń kà, tàbí tí ẹnìkan yọ orí bátìrì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní títàn, abẹ́rẹ́ á dúró sí agbede méjì. Bí iná bá padà dé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á kọ́kọ́ fà á padà sí odo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ óò sì rí ọkọ̀ tó dúró gbagidi tí abẹ́rẹ́ ń sọ pé ó ń sáré 40.

Ọ̀pọ̀ irú èyí kò nílò kí a tú ohunkóhun. A ó pa kọ́kọ́rọ́, a ó yọ orí bátìrì nẹ́gétíìfù, a ó dúró díẹ̀, a ó dá a padà, a ó sì tan kọ́kọ́rọ́ láì tíì jí ẹ́ńjìnnì, kí àwọn abẹ́rẹ́ lè wá odo wọn. Bí wọn kò bá rí i, mọ́tò fúnra rẹ̀ ni a ó pààrọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Ládípọ̀, ní Múṣin, tó ń jó o kúrò lórí bọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń lẹ tuntun mọ́ ọn lọ́nà tó mọ́ tónítóní. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kó tó fi mítà wọn bátìrì. Bí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fólìtì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ó bá ti ju 15 lọ, ohun tó ń ṣájì bátìrì ló ń ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n fi géèjì sílẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fọ orí bátìrì, wọn yóò wọn áàtì, wọn yóò sì tún bi dírẹ́bà pé ta ló jí ọkọ̀ náà fún un, irú bátìrì wo ni wọ́n sì fi jí i.