Leroy Jenkins àti Ohùn Fayolíìnì

Ta ni ó ní àṣẹ láti pinnu irú ohùn tí fayolíìnì gbọ́dọ̀ ní? Ìbéèrè yìí ni Leroy Jenkins fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ dáhùn.

Ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí i sí ní ọdún 1932. Láti kékeré ni ó ti ń ta fayolíìnì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó kàwé jáde ní Yunifásítì Florida A&M ní 1961, ó di olùkọ́ orin ní ìlú Mobile.

Ní 1965 ó padà sí Chicago, ó sì wọ AACM, ẹgbẹ́ àwọn olórin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n pinnu pé orin tí àwọn fúnra wọn hùmọ̀ ni àwọn yóò máa kọ. Jenkins mú kí fayolíìnì ké, kí ó kùn, kí ó kérora. Àwọn kan lè pe èyí ní ariwo. Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ gòjé inú orin sákárà mọ̀ pé okùn tí a fi irun ẹṣin ha kì í sọ èdè kan ṣoṣo.

Láti 1971 sí 1977, òun, Sirone oníbáàsì àti Jerome Cooper onílù ni wọ́n jọ wà nínú Revolutionary Ensemble. Ní 1990 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré olórin rẹ̀, The Mother of Three Sons, ní Munich, ní Jámánì. Ó ti di ẹni ọdún 58 nígbà náà. Ó kú ní 2007.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun èlò kì í ní olúwa kan. Ẹni tí ó bá lè mú un sọ̀rọ̀ ni ó ni ín.