Ilé Ìwòsàn Tí Kò Sí Lójú Kan: Bí Ifẹ̀ Ṣe To Tirẹ̀

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó kan ní Ìbàdàn pé níbo ni ilé ìwòsàn yín wà, yóò nàka sí UCH. Ẹ bi ti Ifẹ̀ ní ìbéèrè kan náà, òun náà yóò kọ́kọ́ bi yín pé èwo nínú wọn. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé owó ló tán kí wọ́n tó kọ́ tiwọn parí. Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni o.

Ní 1957 ni UCH ṣí ilẹ̀kùn. Kó tó di ìgbà náà, Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ti ń kọ́ṣẹ́. Bí òyìnbó ṣe ń ṣe é nílé ni wọ́n ṣe ṣe é: ọgbà ńlá kan, kí gbogbo dókítà àgbà wà níbẹ̀, kí aláìsàn máa wá bá wọn. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ fẹ́ dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adesanya Ige Grillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ilé ìwòsàn tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀. Ní 1975, ìyẹn di Ife University Teaching Hospitals Complex: ilé ìwòsàn ìjọba ní Ilé-Ifẹ̀, Wesley Guild ní Iléṣà, ibùdó ìlera Ẹléyẹlé nínú ìlú Ifẹ̀, àti ibùdó ìlera Ìmẹ̀sí-Ilé.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló yẹ ká dúró lé lórí, torí pé ibẹ̀ ni èrò náà ti wá, kí Yunifásítì Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ tó wà rárá. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì láti Gẹ̀ẹ́sì ló dá Wesley Guild sílẹ̀. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan, David Morley, dé síbẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọmọ tí dókítà ń rí ní ilé ìwòsàn ni èyí tí ẹ̀pa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má bóró mọ́ fún. Ló bá gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú àárín òkè tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjí. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ ìbí, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Wọ́n rí i pé èéyi àti àìjẹunre-kánú ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti pa ọmọ.

Ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ọmọ tó ń ṣàìsàn ń wá, èyí tí ara rẹ̀ le náà ń wá. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àti káàdì! Wọ́n ya ìlà méjì sí i, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ, ìyá sì ni wọ́n fún láti tọ́jú rẹ̀ sílé. Ibikíbi tí ọmọ bá gbà, ìwé rẹ̀ bá a lọ. Irú káàdì yìí tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà.

Bí wọ́n ṣe to Complex náà ni pé kí ọmọ tí ibà mú ní Ìmẹ̀sí-Ilé gba ìtọ́jú níbẹ̀. Bó bá kọjá agbára wọn, kí wọ́n kọ ìwé ránṣẹ́ sí Iléṣà. Bí ọ̀rọ̀ bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ifẹ̀, tó tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Iléṣà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń tọ ọ̀nà yìí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1978, ni àpérò Alma-Ata ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún gbogbo ayé pé ìtọ́jú ìlera gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ilé.

Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1993, mú irú ètò onípele mẹ́ta yìí wọ ìlànà ìlera Nàìjíríà ní 1988. Ṣùgbọ́n pípín tí wọ́n pín in ló fa wàhálà: ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìpele kìíní, ìpínlẹ̀ ló ni ìkejì, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́. Olówó mẹ́ta, ọ̀gá mẹ́ta. Bí nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ ìwé sí dókítà àgbà, kò sí ẹni tó lè fi dandan lé e pé kí dókítà kọ èsì padà. Ní ti Ifẹ̀, ọ̀gá kan ló wà lórí ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju iye bẹ́ẹ̀dì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ni gbogbo wa máa ń kà.

Kò sì túmọ̀ sí pé aláìsàn ń tẹ̀ lé ètò náà. Ẹni tí orí ń fọ́ lè fo Ẹléyẹlé dá, kó gba ilé ìwòsàn ńlá lọ tààrà, torí pé ibẹ̀ ló gbà pé dókítà gidi wà. Ta ni yóò lé e padà? Ìlà á gùn, ẹni tí àìsàn tirẹ̀ le á jókòó sẹ́yìn.

Ní 1987, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, orúkọ Complex náà yí padà di OAUTHC. Ètò náà kò yí padà, ewu inú rẹ̀ náà kò sì yí. Ọ̀gá kan náà tó so wọ́n pọ̀ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ifẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n lọ wọn ìwọ̀n ní Ìmẹ̀sí-Ilé lè bá ilẹ̀kùn ní títì.