E.T.: Géèmù Sinimá Tí Wọ́n Lọ Sin Sínú Ààtàn

Oṣù kẹfà ọdún 1982 ni sinimá E.T., èyí tí Steven Spielberg darí, jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ọmọdékùnrin kan ni, ẹni tó fi àlejò tó wá láti ojú ọ̀run pamọ́ sílé wọn. Tèwe tàgbà ló wọ́ lọ wò ó, kò sì pẹ́ tí àwọn oníṣòwò géèmù orí tẹlifíṣàn fi rí i pé owó ń bẹ níbẹ̀.

Atari ló léwájú nínú òwò náà nígbà yẹn. Warner Communications, tó ti ra Atari lọ́dún 1976, ló bá Spielberg dúnàádúrà, ìròyìn sì sọ pé owó tí wọ́n fẹnu kò sí lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là. Ìparí oṣù keje ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yanjú, bẹ́ẹ̀ Atari fẹ́ kí ọjà náà ti wà lórí igbá kí Kérésìmesì tó dé. Howard Scott Warshaw ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Òun náà ló ṣe géèmù Raiders of the Lost Ark láti inú sinimá Spielberg mìíràn, ọ̀pọ̀ oṣù ló sì fi ṣe ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n fún un lọ́tẹ̀ yìí. Spielberg fẹ́ ohun tó jọ Pac-Man, ṣùgbọ́n Warshaw kò gbà. Èrò tirẹ̀ ni pé ohun tuntun ló tọ́ sí irú sinimá bẹ́ẹ̀.

Nínú géèmù náà, E.T. ń wá ègé tẹlifóònù mẹ́ta tí yóò tò pọ̀ láti fi ké sí àwọn ará ilé rẹ̀. Inú kòtò ni àwọn ègé náà wà. Bí ó bá jábọ́ sínú kòtò, yóò na ọrùn kí ó tó lè fò jáde, bí ẹni tó ń darí rẹ̀ kò bá sì ṣọ́ra, ojú ẹsẹ̀ ni yóò tún já padà sínú rẹ̀. (Ẹni tó bá ti gbá a rí kò jẹ́ gbàgbé àwọn kòtò wọ̀nyẹn.)

Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló tà, èyí tí kì í ṣe kékeré rárá. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé Atari ti ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ akẹ́rù kó ọjà tí kò tà lọ sí ààtàn ìlú Alamogordo ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Wọ́n fọ́ wọn, wọ́n bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì da kankéré lé wọn lórí.

Láti ìgbà náà ni aráyé ti ń sọ pé E.T. ló pa Atari. Ẹ̀sùn yìí ti pọ̀ jù fún géèmù kan ṣoṣo. Lọ́dún 1983 yìí kan náà, àìmọye ilé-iṣẹ́ ló ti da géèmù sórí àtẹ ju iye tí ọjà lè gbà, Atari fúnra rẹ̀ sì pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là. Warner ta ẹ̀ka tó ń ṣe géèmù ilé àti kọ̀ǹpútà lọ́dún 1984.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ìtàn ìsìnkú náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n fi katakata gbẹ́ ààtàn ọ̀hún, wọ́n sì yọ kásẹ́ẹ̀tì bíi 1,300 jáde. E.T. wà nínú wọn lóòótọ́, àmọ́ oríṣiríṣi géèmù mìíràn ló pọ̀ jù níbẹ̀, títí kan Centipede tó jẹ́ ààyò ọjà. Warshaw, tó ti di olùtọ́jú ọkàn ènìyàn nígbà náà, wà ní ìdúró lójú kòtò náà nígbà tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè.