Ọ̀kẹ́ àti Wáàtì: Ìṣirò Agbára Iná ní Kabala Costain

Orúkọ àjèjì méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùgbé Kabala Costain ní ìlú Kàdúná: ti Costain, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ti James Watt, tí William Siemens dábàá ní ọdún 1882 pé kí wọ́n fi sọ òṣùwọ̀n agbára.

Ara gílóòbù ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ka wáàtì: 60 tàbí 100. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìsédò Shiroro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1990, lórí odò Kàdúná kan náà tí ó la ìlú yìí kọjá, mẹ́gáwáàtì 600 ni ìwọ̀n agbára rẹ̀.

Ìṣirò owó ẹyọ ti la ọ̀nà sílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì jẹ́ 1,000,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ wáàtì gan-an ni mẹ́gáwáàtì kan. Bí ẹ̀rọ Shiroro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí agbára kò sì ṣòfò lójú ọ̀nà, wọn yóò tan gílóòbù 60 wáàtì tí iye wọn jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀kẹ́. Ti pé iná ń dé ilé tàbí kò dé, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ìsàlẹ̀ ni ó le. Ẹyọ kan kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n èdè ní ìdá: bí ìdámẹ́wàá ti wà, ìdá-ẹgbẹ̀rún wà. Ìdá-ẹgbẹ̀rún wáàtì ni míllíwáàtì, tí wọ́n fi ń wọn ohùn rédíò àfọwọ́gbé. Àmì rẹ̀ ni mW. Ti mẹ́gáwáàtì ni MW. Lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po 1,000,000,000 ni ó wà láàárín wọn. Bí olùkọ́ bá pe èkíní ní ìdá-ẹgbẹ̀rún wáàtì, tí ó pe èkejì ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ wáàtì, etí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í ṣì wọ́n gbọ́.