Ọwọ́ Méjì Lórí Okùn Gìtá

Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Lórí gìtá, ọwọ́ òsì a máa tẹ okùn, ọ̀tún a sì máa ta á. Ọ̀kan kì í dá iṣẹ́ ṣe.

Ní ọdún 1952, Jimmie Webster, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde láti kọ́ni bí a ṣe ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì lu okùn mọ́ ọrùn gìtá, tí yóò fi dún láìjẹ́ pé a ta á. Ẹ̀rọ iná ni ó ń gbé ohùn kékeré bẹ́ẹ̀ ga. Ní 1969, Emmett Chapman fún ọwọ́ méjèèjì ní ipò kan náà. Láti inú èyí ni ohun èlò rẹ̀, Chapman Stick, ti jáde.

Nígbà tí Eddie Van Halen fi ọgbọ́n yìí dárà nínú “Eruption” ní 1978, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyára ìka ni gbogbo rẹ̀. Àwo Magic Touch tí Stanley Jordan gbé jáde ní 1985 fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dùùrù ni ó kọ́kọ́ kọ́. Lórí gìtá rẹ̀, ọwọ́ kan ń lé, èkejì ń gbè. Ẹnì kan ṣoṣo di ẹgbẹ́ akọrin.